Samuel Àjàyí Crowther: Ìwà Akọni láti Òṣogùn dé Lọ́kọ́ja

Nínú ìtàn àròsọ tó dá lórí ìrìn àjò eléwu, akọni sábà máa ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde nílé, tòun ti ìbọn àti oògùn. Ti Samuel Àjàyí Crowther kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣogùn ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1809. Ní 1821, ogun kó ìlú náà, wọ́n sì fi okùn sí i lọ́rùn, wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ lọ. Inú ìgbèkùn ni ìwà akọni rẹ̀ ti hù.

Kì í ṣe ẹni tí kò mọ ẹ̀rù. Wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, wọ́n sì tà á láti ọwọ́ kan dé òmíràn. Nígbà tó ń bẹ̀rù pé wọn yóò tà á fún àwọn Pòtògí, ó gbìyànjú láti fi ọ̀já rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa lóru, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ìfaradà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú àìlera yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró.

Ìwà kejì ni òùngbẹ ẹ̀kọ́. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti lè ka Májẹ̀mú Titun. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú. Ní 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay.

Ìwà kẹta, àìsá fún ewu tó ti mọ̀, hàn jù lọ ní agbègbè Lọ́kọ́ja. Ní 1841, ó bá àwọn òyìnbó gun Odò Ọya lọ. Ibà pa púpọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀, ó padà lọ ní 1854 àti 1857, ó sì dá iṣẹ́ ìhìnrere sílẹ̀ ní Gbẹ̀bẹ̀, nítòsí ibi tí Ọya ti pàdé Bẹ́núé. Ní 1864, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ní 1867, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Abokko mú òun àti ọmọ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ odò náà, ó sì ń béèrè owó ìràpadà. Ọ̀gbẹ́ni Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́ja, wá gbà wọ́n sílẹ̀; ọfà olóró bà á, ó sì kú.

Ẹni tí wọ́n mú lẹ́rú lọ́mọdé tún di ẹni ìgbèkùn lágbà. Ìdí wà fún un láti kẹ̀yìn sí odò náà pátápátá, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń bá iṣẹ́ náà lọ fún ohun tó lé ní ogún ọdún mìíràn, títí ó fi kú ní Èkó ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 1891.