Joachim du Bellay, akéwì tí ó gbèjà èdè ìyá rẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1522 ni a bí Joachim du Bellay ní Liré, ní agbègbè Anjou, ní ilẹ̀ Faransé. Ìdílé ọlọ́lá ni ìdílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá àti ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní kékeré. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó tọ́ ọ, kò sì náání ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ní ayé ìgbà náà, èdè Látìnì ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé fi ń kọ̀wé. Lójú wọn, èdè Faransé kò lè gbé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Lọ́dún 1539, Ọba François Kìíní pàṣẹ pé èdè Faransé ni kí a máa fi kọ ìwé ilé ẹjọ́. Síbẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé kò yí ọkàn padà.

Du Bellay lọ sí Paris, ó bá Pierre de Ronsard kẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún 1549, ó tẹ ìwé kan jáde láti gbèjà èdè Faransé. Ó fi èdè wé igi eléso. Igi tí a kò bomi rin, tí a kò sì tọ́jú, kì í so dáadáa. Ẹ̀bi olóko ni, kì í ṣe ẹ̀bi igi.

Lọ́dún 1553, ó bá ìbátan rẹ̀, kádínálì Jean du Bellay, lọ sí Róòmù. Ọdún mẹ́rin ni ó fi bójú tó ètò ilé kádínálì náà. Àárò ilé mú un púpọ̀. Níbẹ̀, ó kọ ewì ní èdè Látìnì pẹ̀lú, nítorí kò kórìíra èdè ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n èdè ìyá rẹ̀ ni ó fi kọ ìwé tí ó sọ ọ́ di olókìkí, èyí tí ó pè ní Les Regrets. Ewì 191 ni ó wà nínú rẹ̀. Ìwé náà jáde lọ́dún 1558.

Àìsàn kò fi í lọ́rùn sílẹ̀, etí rẹ̀ sì di. Kò gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n kò dẹ́kun ìwé kíkọ. Ó kú ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1560, láìtíì pé ẹni 40 ọdún.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ fọ́n ká. Wọ́n kó àwọn ewì rẹ̀ ní èdè Faransé jọ, a sì tẹ̀ wọ́n jáde ní Paris lọ́dún 1569.

Èdè tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò kà sí nígbà náà ni a fi ń ṣe iṣẹ́ ìjọba ní Benin àti ní Togo lónìí. Àwọn tí ó ni ín ni ó kọ́kọ́ fi kọ̀wé, kí ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.