Edgar Villchur: Ọkùnrin tó fi afẹ́fẹ́ inú àpótí kékeré gbé ohùn ńlá jáde

Ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ẹni tó bá fẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ orin, èyí tí àwọn olórin ń pè ní béèsì, dún dáadáa nínú ilé rẹ̀ ní láti ra sípíkà tí àpótí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kọ́ńbọ́ọ̀dù aṣọ. Edgar Villchur, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Ìlú New York ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1917. Ìtàn iṣẹ́ ọnà ló kà nílé ẹ̀kọ́ gíga, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ rárá. Ogun àgbáyé kejì ló sọ ọ́ di oníṣẹ́ rédíò, torí ìtọ́jú rédíò àwọn ológun ni wọ́n fi sí i lọ́wọ́. Nígbà tó ti ogun dé, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù rédíò, ó sì ń kọ́ni nípa ohùn ní Yunifásítì New York.

Ohun tó ń dà á láàmú ni pé béèsì àwọn sípíkà ìgbà náà kì í mọ́. Páálí ẹnu sípíkà ló máa ń lọ síwájú, tó ń bọ̀ sẹ́yìn, kí ohùn tó jáde. Bí béèsì bá ṣe jinlẹ̀ tó ni páálí náà gbọ́dọ̀ rìn jìnnà tó. Ṣùgbọ́n ìdè líle tí wọ́n fi dì í mú kì í fà á padà bákan náà bó bá ti rìn jìnnà, ibẹ̀ sì ni ohùn ti ń bàjẹ́. Villchur wá dẹ ìdè náà, ó sì dí àpótí náà pinpin. Afẹ́fẹ́ tó há sínú àpótí ló wá ń ti páálí padà. Ẹni tó bá ti fi ìka dí ẹnu púńpù kẹ̀kẹ́ rí, tó wá tẹ̀ ẹ́, á mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti ọwọ́ padà. Títì afẹ́fẹ́ yìí dọ́gba ju ti ìdè líle lọ. Èyí tó dùn jù níbẹ̀ ni pé àpótí kékeré gan-an ni iṣẹ́ náà fẹ́, torí afẹ́fẹ́ inú àpótí ńlá kì í le tó.

Rosemary ìyàwó rẹ̀ ló fi aṣọ mátírẹ́ẹ̀sì rán etí páálí àkọ́kọ́.

Villchur kọ́kọ́ fi ọgbọ́n náà lọ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, wọn kò gbà á. Ló bá di pé òun àti Henry Kloss, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, dá Acoustic Research sílẹ̀ ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts, lọ́dún 1954. AR-1 ni sípíkà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde, AR-3 sì jáde lọ́dún 1958. Ilé iṣẹ́ náà kó àwọn olórin onígòjé Fine Arts Quartet wá síwájú èrò. Wọ́n á ta gòjé wọn gan-an, wọ́n á tún máa fọwọ́ díbọ́n nígbà tí sípíkà ń kọ orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló jókòó síbẹ̀ tí kò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀. Nígbà tó di 1966, nǹkan bí ìdá mẹ́ta ọjà sípíkà Amẹ́ríkà ló wà lọ́wọ́ wọn.

Síbẹ̀, ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba fún un lọ́dún 1956 kò dúró. Ilé iṣẹ́ kan tako ó, wọ́n tọ́ka sí ìwé tí Harry Olson ti gbà ṣáájú lọ́dún 1949, ẹ̀tọ́ náà sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Villchur kò pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Gbogbo ayé wá ń ṣe irú sípíkà rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀ fún un.

Lọ́dún 1967 ó ta ilé iṣẹ́ náà fún Teledyne, ó sì kọjú sí àwọn tí etí wọn ti ń di. Ó rí i pé ẹlòmíràn nínú wọn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pariwo sí i, á máa dùn ún létí. Ẹ̀rọ etí tó ṣe ń gbé ohùn kékeré sókè púpọ̀, ó sì ń gbé ohùn ńlá sókè díẹ̀. Ó tẹ iṣẹ́ náà jáde lọ́dún 1973, kò gba ìwé ẹ̀tọ́ kankan lórí rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lè lò ó. Ọgbọ́n yìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ etí òde òní ń lò.

Villchur kú sí ilé rẹ̀ ní Woodstock, ìpínlẹ̀ New York, ní oṣù kẹwàá ọdún 2011. Ẹni ọdún 94 ni.