Benjamin Franklin, Ọmọ-Ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ó di Oníwèé-Ìròyìn

Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ní í ti í jẹnu ṣámúṣámú. Ní ọdún 1706 ni a bí Benjamin Franklin ní ìlú Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọṣẹ àti àbẹ́là ni baba rẹ̀ ń ṣe tà. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 12, a fi í sọ́dọ̀ James, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, láti kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀. Bí ó bá ka àròkọ tí ó dára, a pa ìwé náà dé, a tún un kọ láti inú ara rẹ̀, a sì fi wé ti àkọ́kọ́ láti mọ àṣìṣe rẹ̀.

Ní 1721 James dá ìwé-ìròyìn sílẹ̀. Benjamin mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun kò ní í ka ọ̀rọ̀ ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ sí. Nítorí náà, ní 1722, ó kọ̀wé bí ẹni pé opó kan ni ó kọ ọ́, ó sì tì í bọ abẹ́ ilẹ̀kùn ní òru. Wọ́n yìn ín, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó kọ irú rẹ̀ 14 kí àṣírí tó tú. Nígbà tí James mọ̀, inú rẹ̀ kò dùn.

Ní ọdún náà ni àwọn aláṣẹ ti James mọ́lé nítorí ohun tí ó tẹ̀. Benjamin, ọmọ ọdún 16, ni ó di iṣẹ́ náà mú. Síbẹ̀ James kò yé lù ú. Ní 1723 ó sá lọ sí Philadelphia, owó díẹ̀ ni ó sì bá a débẹ̀. Ní 1729 òun àti ẹnì kejì rẹ̀ ra ìwé-ìròyìn Pennsylvania Gazette, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ó kú ní 1790.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, kí ìwé Benjamin tó dé abẹ́ ilẹ̀kùn, ó ti kọ púpọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí.