Frances ló lọ, Fúnmiláyọ̀ ló padà wá

Lọ́dún 1919, ọmọbìnrin Ẹ̀gbá kan tí kò tíì pé ẹni ogún ọdún wọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú Òyìnbó láti lọ kàwé. Frances Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Thomas ni orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún un. Nígbà tó padà dé lọ́dún 1922, kò jẹ́ Frances mọ́, kò sì jẹ́ Abigail. Fúnmiláyọ̀ ló kù.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 25, oṣù kẹwàá, ọdún 1900. Ìdílé Sàró ni ìdílé wọn, ìyẹn àwọn tí ìran wọn bọ́ lóko ẹrú, tí wọ́n gba Sàró padà sílé. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, àmì ọ̀làjú àti ìgbàgbọ́ ni orúkọ Òyìnbó, kì í ṣe ohun tí ọmọ ń déédéé gbé jù sílẹ̀. Lọ́dún 1914, ó wà lára àwọn ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ wọ Abeokuta Grammar School, tó jẹ́ ti ọkùnrin nìkan tẹ́lẹ̀. Ẹ rántí pé láyé ọjọ́un, ọ̀pọ̀ òbí ló gbà pé ilé ìdáná ni ìwé obìnrin ń parí sí.

Wincham Hall, ní agbègbè Cheshire, ni ilé ẹ̀kọ́ tó lọ ní Ìlú Ọba. Orin, aṣọ rírán, èdè Faransé àti bí èèyàn ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kó já gaara wà lára ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ká má parọ́, ibi tí wọ́n ti ń sọ ọmọbìnrin di ìyáàfin ni. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti fẹ́ kó dà bí Òyìnbó gan-an ló ti pinnu pé orúkọ ilé ni òun yóò máa jẹ́. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú tí wọ́n fi ń wo aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ ló fà á.

Kì í ṣe pé ó dé tó sì bẹ̀rẹ̀ ìjà lójú ẹsẹ̀ o. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe. Lọ́dún 1925, ó fẹ́ Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, tó wá di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, NUT. Ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin tó dá sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1932, àwọn obìnrin tó kàwé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n ń kọ́ra wọn. Wincham Hall náà kọ́ ni wọ́n tún gbé wá sílé yẹn?

Lọ́dún 1944 ni obìnrin ọlọ́jà kan ní òun fẹ́ kọ́ ìwé kíkà. Ẹ̀kọ́ yìí ló mú ìyàwó tíṣà sún mọ́ àwọn ọlọ́jà, tó fi gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn láìsanwó tó yẹ, àti bí owó orí ṣe ń han wọ́n léèmọ̀. Nígbà tó di 1946, ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin ti di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin Abẹ́òkúta. Àwọn tó kàwé bọ́ gáùn sílẹ̀, wọ́n ró ìró, wọ́n wọ bùbá bíi ti àwọn ọlọ́jà. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nípàdé. Kódà níwájú àwọn aláṣẹ Òyìnbó, obìnrin tí wọ́n fi owó kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Cheshire yìí, Yorùbá ló ń sọ.

Ní ìparí ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin lọ dó sí ààfin Aláké nítorí owó orí. Lọ́dún 1949, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá kúrò lórí ìtẹ́, wọ́n sì dá owó orí obìnrin dúró. Ọba padà sórí oyè lọ́dún 1950, nítorí kì í ṣe gbogbo Ẹ̀gbá ló bá àwọn obìnrin yọ̀.

Lẹ́yìn tó ti lé lẹ́ni 70 ọdún, ó tún yọ Ransome kúrò, ó gba Aníkúlápó bíi ti Fẹlá ọmọ rẹ̀. Ilé Fẹlá l'Ékòó ló wà ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 1977, tí àwọn sójà ya wọbẹ̀, tí wọ́n sì jù ú láti ojú fèrèsé. Kò gbádùn mọ́ títí tó fi kú ní ọjọ́ 13, oṣù kẹrin, ọdún 1978.