Kòfowórọlá Pratt: Nọ́ọ̀sì tí wọ́n ní kò lè di sístà, tó wá di mẹ́tírọ̀n UCH

Bí ẹni tuntun bá dé ibi iṣẹ́, tó ní ọ̀nà kan wà tí iṣẹ́ náà fi lè dára ju bó ṣe wà lọ, ohun tó sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó bá níbẹ̀ ni pé báyìí ni àwọn ti ń ṣe é kó tó dé. Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn nọ́ọ̀sì. Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, ì báà jẹ́ ní Òṣogbo, ní Iléṣà tàbí ní Ìbàdàn, mọ ohun tí à ń sọ.

Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n sọ fún obìnrin kan ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò sọ pé kò mọ iṣẹ́, nítorí ìwé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ipò tó ń béèrè wà fún. Obìnrin náà kò bínú kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kò sì gbàgbé ohun tó ń wá. Nígbà tó fi máa tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, òun ni ọ̀gá gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan náà. Olóyè Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di mẹ́tírọ̀n ní UCH, Ìbàdàn.

BÀBÁ RẸ̀ KÒ FẸ́ IṢẸ́ NỌ́Ọ̀SÌ

Ìlú Èkó ni wọ́n bí i sí, nínú ìdílé Scott, ní ìgbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣàkóso ilẹ̀ wa. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí ìjọ CMS dá sílẹ̀ ní Èkó. Láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́ ló ti ń wù ú láti máa tọ́jú aláìsàn, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò fara mọ́ ọn.

Kì í ṣe pé bàbá náà burú. Nígbà náà, ojú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò dára rárá. Iṣẹ́ ẹni tó ń da ìgbẹ́ àti ìtọ̀ aláìsàn nù ni wọ́n kà á sí, kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ ilé ire tó ti kàwé. Iṣẹ́ tíṣà ni àwọn òbí ń fẹ́ fún ọmọbìnrin tó bá mọ̀wé. Nítorí náà, Kòfowórọlá lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní United Missionary College ní Ìbàdàn, ó sì padà sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Èkó láti máa kọ́ àwọn ọmọ.

Nígbà tó yá, ó fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Olú Pratt, ẹni tó mọ̀ nípa oògùn pípò. Ọkọ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ṣẹ́ dókítà, ìyàwó sì tẹ̀ lé e lọ ní 1946. Ibẹ̀ ni ohun tó ti ń wù ú tipẹ́ ti wá bọ́ sí i lọ́wọ́.

ILÉ Ẹ̀KỌ́ TÍ NIGHTINGALE DÁ SÍLẸ̀

Ilé ìwòsàn St Thomas' ní London ni ó ti kọ́ṣẹ́, ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní 1860. Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Nightingale yìí, nítorí pé ẹni tuntun tí àwọn ọ̀gá kò fẹ́ ni òun náà jẹ́ nígbà ayé rẹ̀.

Ní 1854, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bá Rọ́ṣíà jagun, ó kó obìnrin méjìdínlógójì lọ sí ọsibítù àwọn ológun ní Scutari, ní ilẹ̀ Tọ́kì. Àwọn dókítà ológun tó bá níbẹ̀ kò fẹ́ rí obìnrin nínú wọ́ọ̀dù wọn. Nightingale kò bá wọn jà. Ó ní kí àwọn obìnrin rẹ̀ dúró títí di ìgbà tí àwọn dókítà fúnra wọn máa fi ránṣẹ́ pè wọ́n. Kò pẹ́ tí àwọn tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun fi ya dé, tí ọwọ́ àwọn dókítà kò sì ká a mọ́. Ìgbà náà ni wọ́n wá ní kí àwọn nọ́ọ̀sì wọlé. Nígbà tí ogun parí, ó fi ìṣirò hàn pé àìsàn ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ogun tó kú, kì í ṣe ọta ìbọn. Ìmọ́tótó, omi tó mọ́, afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ gidi ni ó ní kí wọ́n fi gba ẹ̀mí là.

Ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n fi ń tọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní St Thomas' nígbà tí Kòfowórọlá débẹ̀. Ogun Hitler ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, bọ́ǹbù sì ti ba apá kan nínú ilé ìwòsàn náà jẹ́. Abilékọ ni, ó ti ṣe tíṣà rí, ó sì jẹ́ adúláwọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ funfun. Ìgbà kan wà tí aláìsàn kan kọ̀ jálẹ̀ pé kí nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú má tọ́jú òun. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó tún dara pọ̀ mọ́ WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1925, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sọ̀rọ̀ nípa bí ilẹ̀ wọn ṣe máa gba òmìnira.

Ní oṣù keje ọdún 1948, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún gbogbo ará ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní NHS. Kòfowórọlá wà lára àwọn adúláwọ̀ tó kọ́kọ́ ṣe nọ́ọ̀sì lábẹ́ ètò náà. Ní 1950 ó gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di 1954 tó padà sílé.

Ó DÉLÉ, WỌ́N NÍ IPÒ NÁÀ KÌ Í ṢE TIRẸ̀

Ní 1952 ni ìjọba ti fi òfin dá UCH sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì kọ́ ilé rẹ̀ tán nígbà tí Kòfowórọlá dé. 1957 ni wọ́n ṣí ilé ńlá náà, pẹ̀lú ibùsùn tó tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ní gbogbo ilẹ̀ yìí kò sí ilé ìwòsàn tó tó o nígbà náà.

Ipò sístà ni ó béèrè. Ẹni tó bá jẹ́ sístà ní wọ́ọ̀dù ló ń darí àwọn nọ́ọ̀sì tó kù, òun ló ń rí i pé wọ́n fún aláìsàn ní oògùn lásìkò, pé ibùsùn mọ́, àti pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ iṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ilé ẹ̀kọ́ tó lórúkọ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Kòfowórọlá ti jáde, ó sì ti ṣiṣẹ́ láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mélòó kan. Síbẹ̀, wọ́n ní àwọn òyìnbó tó wá láti òkè òkun ni ipò bẹ́ẹ̀ wà fún.

Ẹlòmíràn ì bá ti padà sí London. Àwọn àgbà ní ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Kòfowórọlá dúró sẹ́nu iṣẹ́, ó gba ohun tí wọ́n fún un ṣe, ó sì ń ṣe é débi pé kò sí ẹni tó lè rí àléébù rẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n gbà á sí ipò, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Òmìnira dé ní 1960, ariwo sì ń lọ pé kí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí máa gba ipò lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Ní 1964 ni wọ́n sọ ọ́ di mẹ́tírọ̀n.

OHUN TÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍ ILÉṢÀ LÁSÌKÒ KAN NÁÀ

Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni àṣà àtijọ́ àti ọ̀nà tuntun ti ń dojú kọ ara wọn. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní ilé ìwòsàn Wesley Guild tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà, dókítà òyìnbó kan, David Morley, dé ní 1956. Ó rí i pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ń kú lọ́pọ̀lọpọ̀, pàápàá nítorí éèyí, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunrekánú. Àwọn dókítà kò sì tó nǹkan kan.

Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ìdàgbàsókè àwọn ọmọ láti ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, ó fi iṣẹ́ yíyẹ ọmọ wò àti fífún un ní oògùn lé àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n sì ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú káàdì tí ìlà kan wà nínú rẹ̀. Bí ìlà ọmọ bá ń lọ sókè, ara rẹ̀ ń le. Bí kò bá gòkè mọ́, ìyá àti nọ́ọ̀sì á tètè mọ̀ kí àìsàn tó wọlé. Ìyá ọmọ ló ń gbé káàdì náà lọ sílé.

Nǹkan méjì yìí ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera ayé ìgbà náà kò fara mọ́. Wọ́n ní dókítà nìkan ló yẹ kó máa fún ènìyàn ní oògùn, wọ́n sì ní àwọn ìyá tí kò kàwé máa sọ káàdì nù. Àwọn ìyá Ìjẹ̀ṣà kò sọ ọ́ nù. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti wá kárí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lágbàáyé. Òtítọ́ tí Ìmẹ̀sí-Ilé fi hàn ni pé bí a bá kọ́ nọ́ọ̀sì dáadáa, tí a sì fọkàn tán an, ẹ̀mí yóò là. Ohun kan náà ni Kòfowórọlá ń jà fún ní Ìbàdàn.

Ẹ̀KỌ́ NỌ́Ọ̀SÌ WỌ FÁSITÌ

Nígbà tó dé orí àlééfà, kò fi ọjọ́ rẹ̀ gbẹ̀san lára ẹnikẹ́ni. Ohun tó gbájú mọ́ ni bí wọn kò ṣe ní lè ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó rí i pé bí nọ́ọ̀sì kò bá ní ju ìwé ẹ̀rí ọsibítù lọ, ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ ni yóò máa jẹ́ láàárín àwọn dókítà tó jáde fásitì. Ó wà lára àwọn tó ṣe akitiyan tí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì fi wọ Fásitì Ìbàdàn ní 1965, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Lọ́dún náà ni ìjọba àpapọ̀ mú un lọ sí Èkó láti di ọ̀gá àgbà fún ètò iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní gbogbo Nàìjíríà. Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sílẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn The Nigerian Nurse. Nínú ìwé náà, nọ́ọ̀sì tó wà ní ìgbèríko lè ka ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe níbòmíràn, kò ní jẹ́ pé ohun tí ọ̀gá rẹ̀ bá sọ nìkan ló máa mọ̀. Ó tún di igbákejì ààrẹ nínú àjọ àwọn nọ́ọ̀sì lágbàáyé.

Ní 1973, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó fi í ṣe kọmíṣánnà fún ètò ìlera, ipò tó wà títí di 1975. Ní 1973 yìí kan náà ni àjọ Red Cross fún un ní àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale, èyí tó ga jù tí nọ́ọ̀sì lè gbà lọ́wọ́ wọn. Ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kó ṣe nọ́ọ̀sì ti wá di ẹni tí gbogbo ayé ń fi iṣẹ́ náà yẹ́ sí.

OGÚN TÓ FI SÍLẸ̀

Ó jáde láyé ní oṣù kẹfà ọdún 1992. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Kò jẹ́ ìyàlẹ́nu fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ló ń darí àwọn nọ́ọ̀sì ní UCH, ní Wesley Guild tàbí ní Òṣogbo. Ohun tó kù báyìí ni pé ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ tán ń gba ọ̀nà London tí Kòfowórọlá gbà lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í padà bíi tirẹ̀. Owó oṣù tó kéré wà lára ohun tó ń lé wọn. Ibi iṣẹ́ tí kò ti sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ tẹnu wọn náà wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà ló sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àgbà tó wà ní wọ́ọ̀dù mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà sì lè mọ ohun tuntun tó lè gba ẹ̀mí là. Aláìsàn tó wà lórí ibùsùn kò bèèrè èwo nínú àwọn méjèèjì ló kọ́kọ́ débẹ̀.

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ń sọ pé kò fi owó ra ọlá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì rí títí ó fi lọ: iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti sùúrù ló fi ra tirẹ̀.