John D. Rockefeller: Olówó Epo Tí Ó Ń Ta Ìjọ Lọ́rẹ

Lára àwọn tí ó sọ epo rọ̀bì di òwò ńlá ní ayé, orúkọ John Davison Rockefeller wà ní iwájú. Ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 1839 ni a bí i ní Richford, ìpínlẹ̀ New York, ní Amẹ́ríkà. Baba rẹ̀ a máa kiri oògùn, kì í sì í gbélé. Eliza, ìyá rẹ̀ olùfọkànsìn, ni ó kọ́ ọ ní àdúrà àti ọrẹ ṣíṣe.

Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó di akọ̀wé ìṣirò owó ní Cleveland ní ọdún 1855. Ó ní ìwé kékeré kan tí ó ń kọ gbogbo owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sí. Bí owó iṣẹ́ rẹ̀ ti kéré tó, ọrẹ Ìjọ Onítẹ̀bọmi kò wọ́n nínú ìwé náà.

Ní ọdún 1863, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ilé ìfọpo. Nígbà náà, kẹrosíìnì tí a fi ń tan àtùpà ni àwọn ènìyàn ń wá. Ó dá Standard Oil sílẹ̀ ní ọdún 1870. Ó mọ iṣẹ́, kì í sì í fi nǹkan ṣòfò. Ṣùgbọ́n ó tún bá àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ṣe àdéhùn ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì ń dá apá kan owó ẹrù padà fún un. Ní ọdún 1872, láàárín oṣù díẹ̀, ó ra 22 nínú ilé ìfọpo 26 tí ń bá a díje ní Cleveland. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tà nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́. Ní ọdún 1911, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí a pín Standard Oil sí ilé iṣẹ́ 34.

Ọ̀rọ̀ náà kan ìjọ pẹ̀lú. Ní ọdún 1905, ó fi 100,000 dọ́là ta ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Congregational lọ́rẹ. Àwọn àlùfáà kan, tí Washington Gladden ṣáájú wọn, fi ẹ̀hónú hàn pé owó ìnilára kò yẹ fún iṣẹ́ Olúwa. Lẹ́yìn náà ni ó hàn pé ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó lọ bẹ̀bẹ̀ fún owó náà.

Ọrẹ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Àjọ Rockefeller, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1913, ṣí ibùdó ìwádìí ibà pọ́njú sí Yábà, ní Èkó, ní ọdún 1925. Dókítà Adrian Stokes kó àrùn náà, ó sì kú sí Èkó ní ọdún 1927. Iṣẹ́ wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára ìpìlẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú tí a ń gbà títí di òní.

Rockefeller kú ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 1937, ní ẹni ọdún 97. Ó ti fi nǹkan bí mílíọ̀nù 540 dọ́là tọrẹ. Sákéù fi ìdajì ohun ìní rẹ̀ fún àwọn tálákà, ó sì tún ṣèlérí láti san padà fún ẹni tí ó rẹ́ jẹ. Rockefeller ṣe ti àkọ́kọ́ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Àwọn tí ó pàdánù òwò wọn ní Cleveland ń retí èkejì. Ó yẹ kí ẹni tí ń mú ọrẹ wá àti àlùfáà tí ń gbà á rántí méjèèjì.