Josephine Baker: Olórin tó kọrin fún sójà nínú aṣálẹ̀, tí kò gbà kí wọ́n ya dúdú sọ́tọ̀

Bí wọ́n bá dárúkọ Josephine Baker, ijó tó fi yẹ̀rì ọ̀gẹ̀dẹ̀ jó ní Paris ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn sójà tó ja Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ogun Hítílà, mọ̀ ọ́n sí yàtọ̀ síyẹn. Obìnrin tó wọ aṣọ ọmọ ogun, tó jókòó sínú jíìpù gba inú aṣálẹ̀ kọjá, tó sì kọrin fún wọn láì gba kọ́bọ̀ ni wọ́n mọ̀. Àárín àìsàn tó fẹ́ẹ̀ gbẹ̀mí ẹ̀ ló ti dìde lọ síbẹ̀.

Ọmọ alágbàfọ̀

Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà ọdún 1906 ni wọ́n bí i ní ìlú St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Freda Josephine McDonald ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Alágbàfọ̀ ni Carrie, ìyá rẹ̀, owó ò sì sí nílé rárá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ péré ni Josephine nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílé àwọn òyìnbó. Ọ̀kan nínú àwọn ìyáálé ilé tó bá ṣiṣẹ́ jó o lọ́wọ́, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ méjì tó ṣẹ̀ ju pé ó lo ọṣẹ jù nígbà tó ń fọ aṣọ.

Lọ́dún 1917, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 11, àwọn òyìnbó ya bo àwọn aláwọ̀ dúdú ní East St. Louis, tó wà ní òdìkejì odò Mississippi. Wọ́n pa wọ́n, wọ́n sì sun ilé wọn. Àwọn tó rí ọ̀nà sá gba orí afárá wá sí apá ibi tí Josephine ń gbé. Kò gbàgbé rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́.

Ọmọ ọdún 13 ló kọ́kọ́ lọ́kọ, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó náà kò pẹ́ tó fi tú ká. Lọ́dún 1921, ó fẹ́ Willie Baker, ọ̀dọ̀ ẹni yìí ló sì ti mú orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ó bá ẹgbẹ́ àwọn òṣèré alárìnkiri lọ káàkiri, ó jó ní New York, nígbà tó sì di 1925, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di Paris. Kò tíì ju ọmọ ọdún 19 lọ nígbà náà.

Ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ló kọ́kọ́ ṣeré ní gbọ̀ngàn Théâtre des Champs-Élysées. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti di ìlúmọ̀ọ́ká. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló wọ yẹ̀rì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àtọwọ́dá ní Folies Bergère. Nígbà tó di 1930, ó kọ J'ai deux amours, orin tó sọ ọ́ di olólùfẹ́ gbogbo ilẹ̀ Faransé.

Àmọ́ kì í ṣe òkìkí nìkan ló so ó mọ́ Faransé. Ní Paris, ó lè wọ ilé oúnjẹ tó bá wù ú, kò sí ẹni tó máa ní kó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Nígbà tó padà lọ ṣeré ní New York lọ́dún 1936, ojú rẹ̀ rí màbo: àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan kọ̀ ọ́ torí àwọ̀ rẹ̀, àwọn oníwèé ìròyìn náà sì bẹnu àtẹ́ lù ú. Ó padà sí Faransé. Lọ́dún 1937, ó fẹ́ Jean Lion, oníṣòwò tó jẹ́ Júù, ó sì di ọmọ ilẹ̀ Faransé.

Iṣẹ́ amí

Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939. Jacques Abtey, ọ̀gá kan lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ amí fún ìjọba Faransé, wá Josephine lọ bóyá á lè ran ìjọba lọ́wọ́. Ọkàn ọkùnrin náà kò kọ́kọ́ balẹ̀. Lójú rẹ̀, èèyàn tó ń jó lórí ìtàgé lè máà lè pa àṣírí mọ́. Èsì tí Josephine fọ̀ fún un ni pé Faransé ló sọ òun di èèyàn, kí wọ́n lo òun bó ṣe wù wọ́n.

Ibi àríyá àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè ló ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa pe Josephine Baker sí àríyá tí kò ní fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ fi hàn pé òun jẹ́ ẹni ńlá, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ohun tó bá gbọ́ ló ń kó fún Abtey. Lásìkò kan náà, òun àti Maurice Chevalier lọ kọrin fún àwọn ọmọ ogun Faransé ní Maginot, ibi odi tí wọ́n mọ sí ẹnubodè Jámánì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ orin fún sójà ti bẹ̀rẹ̀ fún un.

Odi náà ò gba Faransé là. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ Paris. Josephine ti lọ sí Milandes, ilé àwọn ọlọ́lá àtijọ́ kan ní agbègbè Dordogne, ibẹ̀ ló sì ti ń gba àwọn tó ń sá fún Jámánì sílé. Nígbà tí Ọ̀gágun Charles de Gaulle pe àwọn ọmọ Faransé láti London pé ogun kò tíì parí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni Josephine wà.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, òun àti Abtey gba Spain lọ sí Lisbon ní ilẹ̀ Portugal. Wọ́n yí orúkọ Abtey padà nínú ìwé ìrìnnà, wọ́n ní akọ̀wé Josephine ni. Àṣírí tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí London, orí ìwé orin ni wọ́n kọ ọ́ sí, pẹ̀lú tàdáwà tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn ìwé mìíràn wà tí Josephine fi pín-ìnnì há mọ́ aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀. Ní ẹnubodè, àwọn òṣìṣẹ́ ò ráyè tú ẹrù rẹ̀, kó fọwọ́ sí ìwé fún wọn ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ fún. Bí àṣírí bá tú lọ́jọ́ náà, ikú ló máa bá a rìn.

Ibùsùn ní Casablanca

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1941 ló kọjá sí Àríwá Áfíríkà. Kò tilẹ̀ fi àwọn ẹran ọ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀: ó kó ajá ńlá kan, àwọn ọ̀bọ àti eku funfun dání. Morocco ló fìdí kalẹ̀ sí, láti ibẹ̀ ló sì ti ń lọ sí Spain àti Portugal bí ẹni tó ń lọ ṣeré.

Láàárín ọdún náà, àìsàn inú dá a gúnlẹ̀ ní Casablanca. Iṣẹ́ abẹ kan ń tẹ̀ lé òmíràn. Ó lò tó ọdún kan àbọ̀ nílé ìwòsàn, débi tí ìròyìn fi jáde ní Amẹ́ríkà pé ó ti kú. Àwọn ọ̀rẹ́ ń wá kí i, àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà náà ń wá. Ta ló máa fura sí ẹni tó wá kí aláìsàn? Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn yẹn ni wọ́n ti ń pàdé, tí wọ́n ń sọ ohun tí kò ṣeé sọ ní gbangba.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kọkànlá ọdún 1942, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Morocco àti Algeria. Nígbà tí Josephine fi máa kúrò nílé ìwòsàn, Casablanca ti kún fún sójà Amẹ́ríkà. Ìṣòro kan wá wà ńbẹ̀: nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà ìgbà náà, dúdú kì í bá funfun gbé àgọ́ kan náà, wọn kì í sì í jọ jẹun. Àwọn tó wá bá Hítílà jà nítorí ẹ̀mí ẹlẹ́yàmẹ̀yà kó ẹlẹ́yàmẹ̀yà tiwọn sọ́kọ̀ wá.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1943 ni wọ́n ṣí ilé ìgbafẹ́ kan ní Casablanca fún àwọn sójà Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú. Wọ́n ní kí Josephine wá kọrin. Ara rẹ̀ ò tíì le, egungun ló kù lára ẹ̀, ṣùgbọ́n ó lọ. Ẹni tí wọ́n ní ó ti kú ló dúró níwájú wọn yẹn. Látìgbà náà, ó là á mọ́lẹ̀ fún àwọn ọ̀gá ogun: ibi tí wọ́n bá ti kó àwọn dúdú sẹ́yìn lójú agbo, òun kò ní kọrin níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ Josephine ní láti gbà kí dúdú àti funfun jọ jókòó. Òfin tó fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ọdún 1948 ni Ààrẹ Truman tó fọwọ́ sí i. Josephine ti ń mú un ṣẹ lójú agbo tirẹ̀ ní ọdún márùn-ún ṣáájú.

Láti Morocco dé Cairo

Ẹgbẹ́ ọmọ ogun de Gaulle kò ní ètò kankan fún eré sójà, àwọn Josephine fúnra wọn ló ń ṣètò ara wọn. Òfin méjì ni wọ́n tẹ̀ lé: ẹni tí kì í ṣe ọmọ ogun kò gbọdọ̀ wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sanwó. Jíìpù ni wọ́n ń gùn, láti Morocco gba Algeria, Tunisia àti Libya, títí wọ́n fi dé Cairo ní ilẹ̀ Íjíbítì, wọ́n sì tún dé Beirut. Oòrùn ọ̀sán ń jó wọn, òtútù òru ń mú wọn. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń sùn sí. Ká má gbàgbé pé ẹni tí wọ́n ti la ikùn rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lẹni tó ń rin ìrìn yìí.

Láwọn ìgbà tí wọ́n bá ṣeré fún ará ìlú, owó tó bá wọlé, ti ogun ni. Iye tó kó jọ fún de Gaulle lé ní mílíọ̀nù 3 owó Faransé. Ọ̀gágun náà fún un ní àgbélébùú wúrà kékeré kan, àmì àwọn tó ń jà fún òmìnira Faransé. Ẹlòmíì ì bá tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́. Josephine gbé e fún àwọn olùtajà ní Beirut, wọ́n lù ú ní gbàǹjo, ó sì mú 350,000 wá fún iṣẹ́ ogun.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1944, ọkọ̀ òfuurufú tó gbé e já sínú òkun nítòsí erékùṣù Corsica. Àwọn sójà aláwọ̀ dúdú tí Faransé ń pè ní ọmọ ogun Senegal ló yọ wọ́n. Orúkọ lásán ni Senegal yẹn o, torí gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé ni wọ́n ti kó wọn, títí kan Dahomey tó di Benin lónìí.

Ọdún náà ni wọ́n fi í ṣe ọ̀gá kékeré nínú ẹ̀ka àwọn obìnrin ọmọ ogun òfuurufú. Lẹ́yìn tí Paris bọ́ lọ́wọ́ Jámánì, òun àti ẹgbẹ́ olórin Jo Bouillon ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ ogun kiri. Nígbà tí ogun parí ní Yúróòpù lọ́dún 1945, ó dé Buchenwald, àgọ́ tí Hítílà ti ń fìyà pa èèyàn. Àwọn tí wọ́n bá láàyè níbẹ̀, ara àwọn mìíràn ò gbé ìrìn. Ó kọrin fún wọn lórí ibùsùn wọn.

Lẹ́yìn ogun

Faransé fún un ní àmì ẹ̀yẹ àwọn tó bá Jámánì jà lábẹ́lẹ̀ ní 1946, nígbà tó tún wà lórí àìsàn. Ní 1961, wọ́n fi Légion d'honneur àti Croix de guerre dá a lọ́lá ní Milandes. Ó ti fẹ́ Jo Bouillon ní 1947, wọ́n sì gba ọmọ 12 tọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, títí kan Côte d'Ivoire.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, níbi ìwọ́de ńlá tí Martin Luther King ti sọ̀rọ̀ ní Washington, Josephine wà lára àwọn obìnrin díẹ̀ tó bá èrò sọ̀rọ̀. Ó láṣọ ìgbàlódé rẹpẹtẹ láti Paris tó lè wọ̀. Aṣọ ọmọ ogun rẹ̀ ló wọ̀, pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ láyà.

Ọ̀rọ̀ owó kò dára fún un lọ́jọ́ ogbó. Gbèsè gba Milandes lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n lé e jáde ní 1969, Princess Grace ti Monaco ló bá a rí ilé mìíràn. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹrin ọdún 1975, ó tún gun orí ìtàgé ní Paris láti fi ṣàjọyọ̀ 50 ọdún tó ti ń ṣeré níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ló jáde láyé, ní ẹni ọdún 68. Wọ́n sin ín pẹ̀lú ẹ̀yẹ ọmọ ogun.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ìjọba Faransé fi orúkọ rẹ̀ kún ti àwọn akọni tó wà ní Panthéon, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Òkú rẹ̀ ṣì wà ní Monaco. Erùpẹ̀ ilẹ̀ St. Louis, Paris, Milandes àti Monaco ni wọ́n kó sínú pósí náà, àwọn ọmọ ogun òfuurufú ló sì gbé e lé èjìká wọlé.